Omi Tí Bàbá Láàbù Kà ní Àkúrẹ́

Nígbà tí bàbá tó bí bàbá mi kú, èmi ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Wọ́n ní èmi ni mo ka kẹ́mísírì, èmi náà ni mo sì sún mọ́ ọn jù lọ. Mo kọ ọ́ ní ọ́fíìsì mi ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ọ̀gá mi tó dé: ọmọ bíbí Oǹdó, òṣìṣẹ́ láàbù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, bàbá ọmọ mẹ́rin, bàbá àgbà ọmọ mọ́kànlá. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ní mo gbìyànjú.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ohun tí mo kọ yẹn kò lè mọ irú èèyàn tí Bàbá jẹ́, torí mo fi ọ̀rọ̀ ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ló sì wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí wọ́n ti pè mí pé Bàbá ti sùn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó jàre lọ́jọ́ náà tàbí ó jẹ̀bi. Ẹ má bínú pé mo ń da ara mi láàmú lórí ohun tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé ó jẹ̀bi, ó sì gbà mí gbọ́. Mo rò pé bí a bá sin ín tán, ọ̀rọ̀ náà á tán nínú mi. Kò tán. Ńṣe ló tún wá rú mi lójú sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́. Bàbá Láàbù ni gbogbo àdúgbò wa ní Oǹdó ń pè é, tọmọdé tàgbà. Kì í ṣe tíṣà. Òun fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ kí a sọ ìyẹn dáadáa, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun ń jẹ oyè tí kì í ṣe tòun. Òun ló ń fọ àwọn ìgò láàbù ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan nílùú náà, òun ló ń kó wọn sí kọ́bọ́ọ̀dù, òun ló ń to nǹkan kalẹ̀ fún àwọn ọmọ nígbà ìdánwò. Ó kọ́ kẹ́mísírì láti ẹ̀yìn kíláàsì, níbi tó ti ń fọ ìgò, nígbà tí tíṣà ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níwájú. Ọdún lórí ọdún ló gbọ́ ẹ̀kọ́ kan náà, kò sì jókòó dánwò rẹ̀ rí.

Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kó gbé ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́ lé iná, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ní apá méjì tó dúró ṣánṣán, tí ìdí wọn pàdé nísàlẹ̀. Tí ẹ bá da omi sí i, omi á dọ́gba ní apá méjèèjì. Tí ẹ bá wá fi rọ́bà so apá kan mọ́ ibi tí gáàsì wà, gáàsì á ti omi apá ibẹ̀ wálẹ̀, ti apá kejì á gòkè. Bí omi apá kan bá ṣe ga ju ti èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí gáàsì náà fi ń tì í ṣe pọ̀ tó. Manómítà ni ìwé ń pè é. Bàbá ń pè é ní Mánò, bí ẹni ń pe àbúrò rẹ̀ tó ń gbé yàrá kejì.

Ó ní tirẹ̀ nílé. Ó kàn án mọ́ pákó, ó lẹ rúlà méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń kán yíǹkì pupa sínú omi rẹ̀ kí ojú lè rí i. Nígbà tí sítóòfù gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ẹ̀rù sì ń ba àwọn ìyá pé ilé á gbiná, Bàbá Láàbù ni wọ́n ń wá pè. Á yọ rọ́bà kúrò nídìí sítóòfù, á fi ti Mánò bọ̀ ọ́, á ṣí sílíńdà kí omi pupa lè pín, á sì ti ẹnu sílíńdà pa pẹ́kípẹ́kí. Lẹ́yìn náà á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú aago ọwọ́ rẹ̀. Tí omi bá dúró síbi tó wà, kò sí ibi tó ń jò. Tí omi bá ń padà wá dọ́gba, gáàsì ti ń rí ọ̀nà sá lọ. Ìgbà yẹn ló tó máa po ọṣẹ sínú omi, á fi kan gbogbo oríkèé páìpù, ibi tí ọṣẹ bá ti hó, ibẹ̀ ni ihò wà. Kì í gba ju oúnjẹ lọ lọ́wọ́ ẹni tó bá pè é.

Bó ṣe ń ka omi yẹn ló máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Á kúnlẹ̀, á tún wólẹ̀ bó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ni wọ́n gbé Mánò sí, títí ojú rẹ̀ á fi wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú omi. Àgbàlagbà tó dé fìlà, tó wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ló nà gbalaja nílẹ̀ ìdáná ẹni ẹlẹ́ni. Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, “Ọkọ mi éè dọ̀bálẹ̀ fún ọba, omi ló ń dọ̀bálẹ̀ fún.” Bàbá kì í rẹ́rìn-ín. Á dìde, á gbọn ilẹ̀ kúrò ní orúnkún, á sì wí pé, “Ojú tó bá ga ju omi lọ, irọ́ ló máa kà.”

Ó kọ́ èmi náà ní kíkà. Mo máa ń lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn ní Oǹdó, torí Àkúrẹ́ ni àwọn òbí mi ń gbé. Á ní kí n kúnlẹ̀, kí n ka apá ọ̀tún, kí n ka apá òsì, kí n yọ èyí kúrò nínú ìyẹn. Mo bá kà á. Á ní, “Tún un kà.” Mo máa ń rò pé mo ti ṣì í, mo bá sọ nọ́ńbà mìíràn tó sún mọ́ ti àkọ́kọ́ díẹ̀, kí n lè rí ojúure rẹ̀. Ìbínú rẹ̀ máa ń le nígbà náà ju ìgbà tí mo bá fọ́ abọ́ lọ. Ọjọ́ kan wà tí mo yí i padà lẹ́ẹ̀mẹta, tí omijé sì ti ń bọ̀ lójú mi. Bàbá ti ẹnu sílíńdà, ó yọ rọ́bà, ó wò mí. Ó ní, “Ṣé mo ní o ṣì í ni? Mo ní kí o tún un kà ni. Ohun tí o bá rí ni kí o máa sọ, kódà bí èmi bá fajú ro sí ọ.”

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ kúérì kan níbí, ìwé ìbáwí tí wọ́n kọ sí Bàbá níbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tó ṣẹlẹ̀, ẹnu Ìyá àgbà ni mo sì ti gbọ́ ọ. Àgùnbánirọ̀ kan ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ní bí wọ́n ṣe ń wọn agbára gáàsì. Màkúrì ni wọ́n lò lọ́jọ́ náà, fàdákà tó ń ṣàn bí omi. Ọkùnrin náà ga, ó dúró ṣánṣán, ó wo Mánò láti òkè, ó pe nọ́ńbà kan, gbogbo kíláàsì sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá ń fọ ìgò lẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tún un wò.” Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti àgùnbánirọ̀, ó lọ fẹjọ́ sùn.

Pirinsípà kọ kúérì fún Bàbá pé ó bú tíṣà níwájú akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán. Bàbá kọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ ni pé òun kò bú ẹnikẹ́ni, òun ní kó bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìgbowó. Ìyá àgbà bẹ̀ ẹ́ pé kó bẹ̀ wọ́n. Àlùfáà ìjọ bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sínú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń tún àga ṣe. Ìyá àgbà ní ohun tó sọ fún òun lọ́jọ́ tó padà síṣẹ́ ni, “Tí mo bá bẹ̀ wọ́n lórí ohun tí mo fi ojú mi rí, kí ni ojú náà máa wúlò fún lọ́la?”

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, torí òun ló ń da orí mi rú. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ náà ni mo yí lọ́kàn padà, tó fi bá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ bẹ̀bẹ̀ ní Àkúrẹ́.

Dádì mi ni àkọ́bí rẹ̀. Bàbá fẹ́ kó ka kẹ́mísírì, kó di tíṣà gidi tó máa dúró níwájú kíláàsì. Dádì ò fẹ́ràn ìwé. Ó lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Àkúrẹ́, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí iṣẹ́ páìpù gáàsì. Kò sí ìjà ńlá láàárín wọn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀yàyà náà. Bí Dádì bá wá kí wọn ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni wọ́n máa ń sọ. Dádì sọ fún mi nígbà kan pé òun ò mọ ohun tí òun lè ṣe tí Bàbá máa wò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì àgbà ilé ẹ̀kọ́ gírámà, Dádì rí iṣẹ́ tó tóbi jù fún un láti ìgbà tó ti dá dúró. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára wa ni, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé Oǹdó tuntun la wà, tí ilé iṣẹ́ kéékèèké sì ń yọ ní Àkúrẹ́. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Dúpẹ́ ń kọ́ ilé búrẹ́dì. Ààrò onígáàsì ló fẹ́, kì í ṣe ti igi, Dádì ló sì gba iṣẹ́ páìpù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Nígbà tó parí, ó fúnra rẹ̀ lọ sí Oǹdó lọ pe Bàbá. Ó ní kó gbé Mánò rẹ̀ bọ̀ ní ọjọ́ ìṣílé, kó wá wọn gáàsì náà lójú Ìyá Dúpẹ́. Mo rí ojú Dádì nígbà tó ń sọ fún wa pé Bàbá ti gbà láti wá. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọ kékeré.

Lọ́jọ́ náà, àlùfáà ti gbàdúrà. Àwọn òṣìṣẹ́ ti po ìyẹ̀fun, wọ́n ti tò ó sínú páànù, ó ti ń wú. Àwọn aládùúgbò dúró yí ká. Ẹ̀yìn ògiri ni páìpù gbà láti ibi sílíńdà dé inú ààrò, oòrùn sì ń ta sí i. Bàbá so Mánò, ó ṣí gáàsì, omi pupa pín, ó ti ẹnu sílíńdà. Ó gbé aago rẹ̀ fún mi kí n máa ka ìṣẹ́jú. Ó wá wólẹ̀ lójú gbogbo ayé. Mo gbọ́ tí ẹnìkan rẹ́rìn-ín.

Níbi ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìkúùkùu bo oòrùn. Mo rántí dáadáa, torí àwọn obìnrin sáré lọ kó aṣọ tí wọ́n sá sí ìta. Níbi ìṣẹ́jú márùn-ún, omi ti ń sọ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, ó dìde, ó nu ọwọ́.

“Ẹ má tan iná sí i,” ló wí. “Ó ń jò.”

Dádì ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà.”

Bàbá tún wólẹ̀. Ó kà á. Ó tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. “Táyọ̀, ó ń jò. Ẹ bá mi wá ọṣẹ.”

“Ẹ má fọwọ́ kan uṣẹ́ mi, Bàbá.” Ohùn Dádì kò lọ sókè. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

Ìyá Dúpẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá àti ọmọ, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ báyìí? Ìyẹ̀fun mi ń kan.”

Bàbá dá a lóhùn pé, “Ìyẹ̀fun á ṣeé rà, ìyá.” Ó bá tú Mánò rẹ̀, ó dì í sínú aṣọ, ó sì jáde. Wọn ò tan ààrò lọ́jọ́ náà. Ìyẹ̀fun kan, wọ́n dà á nù.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Dúpẹ́ mú oníṣẹ́ mìíràn wá láti wọn gáàsì náà. Ó wọ̀n ọ́n, kò sí ohun tó mì. Wọ́n tan iná, búrẹ́dì jáde, ó sì dára. Ọ̀rọ̀ náà dé Oǹdó kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n ní Bàbá Láàbù ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ṣú, ó lọ dójú ti ọmọ bíbí inú rẹ̀ láàárín ọjà. Dádì ò tẹ ilẹ̀ Oǹdó mọ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Àwa ọmọ ló ń fi ránṣẹ́ bó bá di ọdún Kérésìmesì. Bàbá kì í béèrè rẹ̀. Ó ń bá ìwọ̀n gáàsì rẹ̀ lọ, fún àwọn tó ṣì ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dárúkọ ilé búrẹ́dì, ohun kan náà ló máa ń wí: “Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.”

Ibi tí mo ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Mo wọ yunifásítì, mo ń ka kẹ́mísírì, èmi tí mo gba ibi tí Dádì kọ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ wọ́n kọ́ wa pé bí gáàsì tí wọ́n sé mọ́ inú nǹkan bá tutù, agbára rẹ̀ á dínkù. Ìkúùkùu ọjọ́sí wá sí mi lọ́kàn. Mo gbé bírò, mo ṣe ìṣirò. Tí ooru inú páìpù yẹn bá fi dígírì kan péré dínkù, omi Mánò lè sọ̀ tó ìbú ìka méjì láìsí ihò kankan níbì kankan. Mo fò sókè. Lójú mi, mo ti rí oògùn tó máa parí ìjà náà. Bàbá kò parọ́, omi sọ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ Dádì kò bàjẹ́, páìpù kò jò. Ìkúùkùu ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èmi, ọ̀mọ̀wé ọdún kan, ni máa parí ohun tí àgbà kò lè parí.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó lópin ọ̀sẹ̀. Bàbá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn. Mo ṣàlàyé fún un, mo ya páìpù sórí ìwé, mo ya oòrùn, mo ya ìkúùkùu. Nígbà tí mo parí, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wà nínú ìwé.”

“Ìkúùkùu sì bò lọ́jọ́ náà?”

“Ó bò, Bàbá. Mo wà níbẹ̀.”

Ó wo ìwé tí mo ya nǹkan sí, ó pẹ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní, “Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo gbọ́ ọ.” Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí mi ò tíì gbàgbé: “Á jẹ́ pé mo dójú ti ọmọ mi lásán.”

Kì í ṣe ohun tí mo lọ sọ fún un nìyẹn. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbọ́ apá ibẹ̀. Títí di òní mi ò mọ ìdí tí mi ò fi bi í ní ìbéèrè kan tí òun fúnra rẹ̀ ì bá bi ẹnikẹ́ni: ṣé omi náà dúró níkẹyìn, àbí ó ń sọ̀ lọ? Bó bá jẹ́ ìtutù ni, omi á sọ̀ díẹ̀, á sì dúró. Bó bá jẹ́ jíjò ni, kò ní dúró títí yóò fi dọ́gba. Mo mọ ìyẹn nígbà náà. Mi ò béèrè, torí mo ti fẹ́ràn ìdáhùn tèmi.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá wẹ̀, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n máa bọ̀. A wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a dé Bọ́lọ́rundúró, ó ní kí dírẹ́bà dúró díẹ̀, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan fún Dádì, ó gbé e lé orí itan rẹ̀ títí a fi dé Àkúrẹ́.

Dádì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tó rí Bàbá, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó wá àga. Bàbá ò jókòó. Ó ṣí fìlà rẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Ó ní, “Táyọ̀, mo wá bẹ̀ ọ́. Lórí ọ̀rọ̀ ilé búrẹ́dì. Mo ṣì í kà.”

Kò dárúkọ ìkúùkùu. Kò dárúkọ ìwé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ dá mi dúró. Dádì ń wo sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ó ní, “Ó ti tán, Bàbá.” Mo rò pé ìtìjú ló mú un, àgbàlagbà tó ń bẹ ọmọ kì í ṣe ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́. Inú mi dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ rere.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá kò ti wọn gáàsì fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n bá wá pè é, á ní kí wọ́n lọ wá àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé. Mo bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kó bá aládùúgbò kan wò ó, ìyá tó ní ọmọ kékeré nínú ilé. Mo ní ìwọ̀n gáàsì inú ìdáná kò ní oòrùn nínú. Ó mi orí. “Ojú mi ò dá mi lójú mọ́,” ló wí.

Dádì wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Oǹdó. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Ó pààrọ̀ gbogbo páànù òrùlé wọn, ó gbẹ́ kànga, ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun fún Bàbá nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Àwọn èèyàn ń yìn ín pé ọmọ tó mọ ìtọ́jú ni. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kì í dá jókòó ti Bàbá. Tí èmi tàbí Ìyá àgbà bá fi yàrá sílẹ̀, òun náà á wá nǹkan lọ ṣe níta. Kò yé mi. Mo rò pé àwọn ọkùnrin máa ń rí bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá sì ti jáde, Bàbá á béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ṣé ọmọ yẹn ti dárí jì mí báyìí?” Mo máa ń ní, “Ó ti dárí jì yín, Bàbá.”

Ó kú ní ibùsùn yẹn. Ẹ̀rù àtikọ èyí tó kù ti ń bà mí, torí n kò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni máa sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ìsìnkú, wọ́n ń kó àga sínú ọkọ̀, èmi àti Dádì jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ní Oǹdó. Ó ń ka ohun tí mo kọ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ó kà á tán, ó tún kà á. Mo bi í bóyá mo gbàgbé nǹkan. Ó ní mo gbàgbé ilé búrẹ́dì. Mo ní mi ò gbàgbé, mo yẹra fún un ni, kí wọ́n má baà fi àṣìṣe Bàbá ṣe ọ̀rọ̀ sọ níbi òkú rẹ̀.

Dádì pa ìwé náà dé. “Mo padà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn,” ló wí. “Èmi nìkan. Mo fi ọṣẹ sí i. Ó hó ní oríkèé tó wà lẹ́yìn ààrò. Mo fi sípánà dè é kí wọ́n tó wá wọ̀n ọ́n láàárọ̀.”

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní òun ti gbèrò láti sọ fún Bàbá tí ìbínú bá rọlẹ̀, ọjọ́ wá ń gun orí ọjọ́. Ó ní nígbà tí Bàbá ṣí fìlà níwájú àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu òun, ẹnu òun ò ṣí.

Mo bínú sí i gidigidi. Àánú rẹ̀ tún ń ṣe mí, torí mo rí i pé ó ti ń sunkún kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ni kí n kọ́kọ́ ṣe. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ṣé Bàbá ò mọ̀ ni? Ẹni tó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé kò mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun jàre?”

Dádì fi ọwọ́ nu ojú. Kò pariwo mọ́ mi, kò sì wò mí bí ẹni tó ń dá mi lẹ́bi.

“Ó mọ̀, Fúnmi,” ló wí. “Ọdún mẹ́ta ló fi mọ̀. Ìwọ lo wá sọ fún un pé ìkúùkùu ni.”